Àwọn Ọmọ Tí Ń Gbé Ìràwọ̀: Ìtàn àti Àṣà Àwọn Ọba Mẹ́ta ní Jámánì àti Ọ́stríà

Láti ìgbà tí Kérésìmesì bá ti kọjá títí di ọjọ́ 6 oṣù Kìn-ín-ní, kò ṣàjèjì rárá, ní ìlú tàbí abúlé tí Ìjọ Àgùdà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Jámánì àti Ọ́stríà, kí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn kí ó sì bá ọba mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà. Adé bébà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n dé, aṣọ ìborùn gígùn ni wọ́n fi bo kóòtù òtútù mọ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tàbí ẹlòmíràn tí ó tẹ̀lé wọn sì gbé ìràwọ̀ ńlá dání lórí ọ̀pá. Èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọba náà lè má tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Wọn yóò kọrin, wọn yóò ka ewì kúkúrú tí wọ́n ti kọ́ sórí, wọn yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí òkè ilẹ̀kùn, wọn yóò na kóló sí onílé, wọn yóò dúpẹ́, wọn yóò sì kọjá sí ilé tí ó kàn. Sternsinger ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lédè Jámánì, ìyẹn àwọn akọrin ìràwọ̀.

Àwọn ará wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, pàápàá àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà, a máa bi mí bóyá owó ara wọn ni àwọn ọmọ náà ń wá kiri, bí ìgbà tí àwọn ọmọdé bá ń kí ọdún láti ilé dé ilé nílé wa tí wọ́n sì ń gba owó ọdún. Ìbéèrè náà dára ju bí àwọn tí ń bèèrè ṣe rò lọ. Nígbà kan rí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni: owó ara wọn ni àwọn akọrin ìràwọ̀ ń wá, oúnjẹ ara wọn ni wọ́n sì ń kọrin gbà. Lónìí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójú tèmi, bí àṣà yìí ṣe kúrò ní ti àkọ́kọ́ tí ó sì di ti èkejì ni ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nípa rẹ̀ ju ohun mìíràn lọ.

Orí kejì Ìhìnrere Mátíù ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Mátíù kò sọ ju pé àwọn amòye kan wá láti ìlà-oòrùn sí Jerúsálẹ́mù, pé wọ́n ti rí ìràwọ̀ ọba àwọn Júù, pé ìràwọ̀ náà ṣáájú wọn dé ibi tí ọmọ náà wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àti pé wọ́n fi wúrà, tùràrí àti òjíá ta á lọ́rẹ. Kò sọ iye tí wọ́n jẹ́, kò pè wọ́n ní ọba, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọn Kristẹni tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n fi ìyókù kún un díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀rúndún 3, Origen, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ńlá Ìjọ ìgbà náà, ti ń ka àwọn amòye sí mẹ́ta, bóyá nítorí pé ẹ̀bùn mẹ́ta ni wọ́n mú wá. Sáàmù 72, tí ó sọ nípa àwọn ọba tí yóò mú ọrẹ wá láti Ṣébà àti Sébà, àti orí 60 ìwé Aísáyà, tí ó mẹ́nu kan àwọn ọba, wúrà àti tùràrí, ni wọ́n sì fi dé wọn ládé. Lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Sant'Apollinare Nuovo ní ìlú Ravenna ní Ítálì, àwòrán kan wà tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ tò ní ọ̀rúndún 6, níbi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń sáré gbé ẹ̀bùn wọn bọ̀, tí orúkọ wọn sì wà lókè orí wọn: Balthasar, Melchior àti Caspar.

Jámánì ní ìdí tirẹ̀ láti gba àwọn amòye wọ̀nyí mọ́ra ju ilẹ̀ mìíràn lọ. Ní ọdún 1164, Rainald von Dassel, ẹni tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Cologne tí ó sì tún jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà fún Olú-ọba Frederick Barbarossa, kó àwọn egungun kan láti ìlú Milan tí ogun Olú-ọba náà ti fọ́, ó sì gbé wọn wá sí Cologne. Ìgbàgbọ́ gbogbo ayé ìgbà náà ni pé egungun àwọn amòye mẹ́ta ni. Àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, tí Nicholas ará Verdun jẹ́ ọ̀gá wọn, kan pósí wúrà kan fún wọn tí ó ṣì wà títí di òní. Ní ọdún 1248 ni wọ́n sì fi ìpìlẹ̀ kàtídírà ńlá tí yóò gba àwọn arìnrìn-àjò ìsìn lélẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 1880 ni wọ́n tó parí ilé náà. Adé mẹ́ta tí ó wà nínú àmì àṣẹ ìlú Cologne kò wá láti ibòmíràn. Bí ilé ìjọsìn ọba mẹ́ta bá wà ní ìlú kan tí àwọn ènìyàn ń rìn láti ọ̀nà jíjìn wá wò, kò lè pẹ́ kí àwọn ará ìlú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí àwọn ọba náà.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é. Ní Sànmánì Agbedeméjì, àwọn àlùfáà àti àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọ a máa ṣe eré ní Ọjọ́ Ìfarahàn Olúwa, èyí tí àwọn Áńgílíkà wa mọ̀ sí Ẹpífánì. Wọn a fi okùn fa ìràwọ̀ kọjá lókè orí àwọn ènìyàn, àwọn ọba a sì tẹ̀lé e lọ sídìí pẹpẹ. Eré yìí ni ó jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ìgboro. Nígbà tí yóò fi di ọ̀rúndún 16, ìwé ìṣírò owó àwọn ìlú àti àwọn ilé àwọn mọ́ńkì ní agbègbè Salzburg àti ní gúúsù Jámánì ti ń mẹ́nu kan owó tí wọ́n fún àwọn tí ó wá kọrin ìràwọ̀.

Àwọn wo ni wọ́n ń fún lówó? Kì í ṣe ọmọdé nìkan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tálákà wà níbẹ̀, tí orin ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé tí wọ́n sì fi ń jẹun. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí yìnyín ti dá iṣẹ́ wọn dúró wà níbẹ̀, àwọn ológun tí ogun ti parí mọ́ lọ́wọ́ náà sì wà níbẹ̀. Ní Laufen, lẹ́bàá odò Salzach, àwọn awakọ̀ ojú omi tí ń kó iyọ̀ kì í rí iṣẹ́ ṣe nígbà òtútù, eré ṣíṣe àti orin kíkọ ni wọ́n sì fi ń dí àlàfo náà. Ènìyàn kò gbọdọ̀ gbàgbé ohun tí oṣù Kìn-ín-ní jẹ́ nílẹ̀ wọn nígbà náà: oko ti sùn, odò ti dì, oúnjẹ inú àká ń dínkù, ó sì tún ku oṣù bíi mélòó kan kí ohun tuntun tó hù. Ẹni tí kò ní nǹkan kò lè kàn ilẹ̀kùn lásán kí ó máa tọrọ, ojú a máa tì í, òfin pàápàá sì lè mú un. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé adé, tí ó gbé ìràwọ̀, tí ó sì mú ìròyìn ìbí Jésù wá, ó ti di àlejò tí ń súre, kì í ṣe alágbe mọ́. Onílé tí ó fún un ní ẹran gbígbẹ tàbí owó wẹ́wẹ́ ń san ẹ̀san ìre ni. Mo rò pé ọgbọ́n tí ó wà nídìí àṣà yìí nìyẹn, òun náà ni kò sì jẹ́ kí ó parun.

Ìràwọ̀ ìgbà náà kì í ṣe páálí tí wọ́n lẹ bébà dídán mọ́. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀, wọn a fi bébà tí wọ́n pa lóróró bò ó, wọn a tan àbẹ́là sínú rẹ̀, wọn a sì so okùn mọ́ ọn tí ó fi lè máa yí bí òòyì nígbà tí wọ́n bá ń kọrin. Ní òpópónà tí kò ní iná kankan, ohun tí ó lè mú ọmọdé sáré jáde láti orí ibùsùn ni. Rembrandt, ayàwòrán ará Netherlands, yàwòrán irú ìran bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1651: dúdú ni gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, àyàfi ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ń tàn láàárín èrò.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Àwọn aṣáájú Ìjọ Alátùn-únṣe kò fẹ́ràn ohunkóhun tí ó jọ bíbọ egungun ẹni mímọ́. Àwọn ìjọba ọ̀rúndún 18, tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà létòletò, ka orin ìràwọ̀ sí agbe lásán, wọ́n sì ń fi òfin lé àwọn ọba kúrò ní ìgboro. Àwọn akọrin náà kì í sì í fìgbà gbogbo ṣe ara wọn lóore, nítorí pé ọtí tí onílé bá bù fún wọn ní ilé bíi mélòó kan a máa yọ nínú orin ilé tí ó gbẹ̀yìn. Síbẹ̀, ohun ìyanu kan ni pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tẹ̀lé Luther, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Alátùn-únṣe náà, ní àríwá Yúróòpù kò fi orin náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n gbé e dé Sweden, Norway àti Finland. Ní ìlú Oulu ní Finland, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ṣì máa ń ṣe é lọ́dọọdún, tí Hẹ́rọ́dù fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ti Jámánì àti Ọ́stríà ni mo ń sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, orin ìràwọ̀ ti dínkù, ó ti di ohun tí àwọn abúlé kan ń ṣe tí àwọn mìíràn kò sì ṣe mọ́. Ìjọba Násì fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Ìjọ Àgùdà, ogun sì dé. Lẹ́yìn ogun ni ìyípadà tí mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣẹlẹ̀, Ọ́stríà ni ó sì ṣáájú. Ní àkókò Kérésì ọdún 1954 sí 1955, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé Ìjọ Àgùdà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Katholische Jungschar, ní kí àwọn ọmọ gbé ìràwọ̀ jáde, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe pín owó tí wọ́n bá rí láàárín ara wọn. Alùpùpù ni wọ́n fẹ́ fi rà fún ajíhìnrere kan ní Ùgáńdà, nípasẹ̀ MIVA, ẹgbẹ́ tí ń wá ohun ìrìnnà fún àwọn ajíhìnrere. Ẹ wò ó: Ọ́stríà ìgbà náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ mẹ́rin tí ó gbà á lẹ́yìn ogun, àwọn ọmọ tí ń kọrin náà sì wà lára àwọn tí ebi ti pa nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, síbẹ̀ alùpùpù ẹni tí wọn kò rí rí ni wọ́n ń wá owó rẹ̀ nínú yìnyín.

Jámánì tẹ̀lé e ní ọdún 1959. Àjọ tí ó ń darí rẹ̀ níbẹ̀ wà ní ìlú Aachen, ọmọdé ni ó sì dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1846, Auguste von Sartorius, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ ní ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ nípa irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù Charles de Forbin-Janson dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1843. Àjọ náà, tí ó ń jẹ́ Kindermissionswerk, ni ó sọ orin ìràwọ̀ tí ó fọ́nká di ohun kan ṣoṣo. Láti ọdún 1961 ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Ìjọ Àgùdà ti bá a dáwọ́ jọ. Láti ọdún 1959 wá, owó tí àwọn ọmọ ti kó jọ ní Jámánì nìkan ti lé ní bílíọ̀nù 1.3 owó Yúrò. Nígbà tí ó di ọdún 2015, wọ́n fi orin ìràwọ̀ sínú àkọsílẹ̀ àwọn àṣà àjogúnbá tí Jámánì ń tọ́jú lábẹ́ àdéhùn àjọ UNESCO. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, olórí ìjọba Jámánì a máa gbà wọ́n lálejò ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Berlin, tí àwọn ọmọ a sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìbùkún síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí ilé ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní páríìṣì, ìyẹn ìjọ Àgùdà àdúgbò kọ̀ọ̀kan, rọrùn láti sọ. Kí Kérésì tó dé, àwọn ọmọ a forúkọ sílẹ̀, wọn a kọ́ orin, wọn a yan ẹni tí yóò jẹ́ ọba wo, wọn a sì yẹ aṣọ tí ó ti wà nínú àpótí láti ọdún tó kọjá wò bóyá ó ṣì gbà wọ́n. Nígbà tí àkókò bá tó, àlùfáà a súre fún àwọn ọmọ, fún ṣọ́ọ̀kì àti fún tùràrí, a sì rán wọn jáde. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òpópónà tirẹ̀, ó ní àgbàlagbà tàbí ọ̀dọ́ kan tí ń bá a rìn, ó ní kóló tí wọ́n ti dí lẹ́nu, ó sì ní ìwé ẹ̀rí tí páríìṣì fi òǹtẹ̀ lù, nítorí àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí ń dé adé bébà láti fi wá owó ara wọn. Ọ̀pọ̀ páríìṣì ti kúrò ní ìgbà tí wọ́n ń kàn gbogbo ilẹ̀kùn. Onílé ni ó ń forúkọ sílẹ̀ báyìí pé òun fẹ́ kí wọ́n wá, nítorí pé ọmọ kò pọ̀ tó mọ́, àwọn tí kò sí nílé tàbí tí kò fẹ́ ìbẹ̀wò sì pọ̀ sí i. Èmi kò fẹ́ràn ìforúkọsílẹ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀. Ó mú kí iṣẹ́ rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá nìkan wà, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní páríìṣì, ni ó lè má gbọ́ nípa ìwé náà rárá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìbẹ̀wò náà yẹ.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì ni ó wù mí jù. Lọ́dún kan, ọmọbìnrin kan tí mo fojú díwọ̀n sí bí ọdún mẹ́sàn-án ni ó jẹ́ Melchior ẹgbẹ́ tí ó wá sí ilé wa. Orí fìlà òtútù ni ó dé adé lé, nítorí náà adé náà ń yọ̀ bọ́ sí ojú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í sókè. Ṣọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ ṣẹ́ sí méjì nítorí pé ìbọ̀wọ́ kò jẹ́ kí ó lè dì í mú dáadáa. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó fi eyín dì í mú, ó sì gbé ojú sókè wo àtẹ́rígbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àwọn àgbà ti sọ bẹ́ẹ̀, àtẹ́rígbà ilé wa sì ga ju pẹpẹ lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó tẹ̀lé wọn bẹ̀rẹ̀, ó gbé e sí èjìká. Ó kọ 20, ó dúró. Ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nílẹ̀ pé ṣé àgbélébùú ni ó kàn ni àbí ìràwọ̀. Caspar, tí ó ti ń jẹ ṣokoléètì tí ìyàwó mi fún un, dáhùn pé ìràwọ̀ ni, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti dáhùn ìbéèrè náà ní gbogbo ilé tí wọ́n ti dé. Ó wá kọ ọ́ tán: ìràwọ̀, C, àgbélébùú, M, àgbélébùú, B, àgbélébùú, àti nọ́ńbà méjì tí ó parí ọdún náà.

Ìràwọ̀ ni ti Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, àgbélébùú mẹ́ta sì ni ti Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ní ti àwọn lẹ́tà mẹ́ta náà, ohun tí Ìjọ ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà Látìnì kan ni, Christus mansionem benedicat, kí Kristi bùkún ilé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ní abúlé a sọ fún ọ láìmikàn pé Caspar, Melchior àti Balthasar ni. Èmi kò rí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan. Ohun tí ó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń wò ó ni orí 12 ìwé Ẹ́kísódù, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti fi ẹ̀jẹ̀ kun àtẹ́rígbà àti òpó ìlẹ̀kùn wọn. Wọn kì í nu ìkọ̀wé náà. A máa wà níbẹ̀ títí òjò yóò fi fọ̀ ọ́ tàbí títí ọdún tuntun yóò fi dé. Fún àwọn ilẹ̀kùn ayé òde òní tí ṣọ́ọ̀kì kò lè mú, ìwé pélébé tí ń lẹ̀ wà tí wọ́n ti tẹ ìbùkún náà sí lára. Ìwé yìí wúlò gidigidi ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí àwọn ọmọ lè kàn ilẹ̀kùn: inú àpótí lẹ́tà ni wọ́n ń fi ìbùkún sí, tí wọ́n sì sún àkókò náà síwájú di ọjọ́ 2 oṣù Kejì kí àwọn ènìyàn lè ráyè fi owó ránṣẹ́.

Mo wá dé ibi tí ọmọ Áfíríkà kò lè fò dá. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọba mẹ́ta náà, Caspar ní ibì kan, Balthasar ní ibòmíràn, ni wọ́n ń fi ọ̀dà dúdú kùn lójú. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Àwọn onímọ̀ Sànmánì Agbedeméjì ní àwọn amòye mẹ́ta dúró fún ọjọ́ orí ènìyàn mẹ́ta, ọ̀dọ́, géńdé àti arúgbó, àti fún apá ayé mẹ́ta tí wọ́n mọ̀, Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà, láti fi hàn pé gbogbo ayé ni ó wá wólẹ̀ fún Jésù. Láti ọ̀rúndún 15, ọba dúdú ti wọ́pọ̀ nínú àwòrán àwọn ayàwòrán Jámánì, ọba tòótọ́ sì ni wọ́n yà á, nínú aṣọ olówó iyebíye. Ọba kan tí ó dúró fún Áfíríkà lẹ́sẹ̀ ibùjẹ ẹran ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, inú mi dùn sí i. Ọ̀dà ojú ni n kò fẹ́. Ó yàtọ̀ kí ayàwòrán ya ọba aláwọ̀ dúdú, ó sì yàtọ̀ kí ọmọdé kan fi àwọ̀ ẹlòmíràn ṣe aṣọ eré tí ó lè fi ọṣẹ fọ̀ kúrò lálẹ́, nígbà tí ọmọ tí àwọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀ jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Àjọ tí ó wà ní Aachen fúnra rẹ̀ ti gba àwọn páríìṣì nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi kíkùn ojú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti fi í sílẹ̀, bí àríyànjiyàn tilẹ̀ ṣì ń wáyé ní àwọn abúlé kan níbi tí àwọn àgbà ti gbà pé àṣà baba àwọn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn. Nísinsìnyí, ọmọ tí ó wù ú ni ó lè dé adé tí ó wù ú, tí àwọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ funfun, dúdú tàbí pupa. Àwọn ọmọbìnrin náà ti wà lára wọn tipẹ́, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ọ̀rúndún 16 kò ní gbà rárá.

Lọ́dọọdún, wọ́n a máa yan ilẹ̀ kan tàbí méjì àti ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ọmọ yóò kọ́ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ní ọdún 2019, àwọn ọmọ tí wọ́n ní àìlera ara ní Pérù ni wọ́n gbájú mọ́. Ní ọdún 2020, àlàáfíà ní Lẹ́bánónì. Ní ọdún 2022, ìlera àwọn ọmọ ní Íjíbítì, Gánà àti South Sudan. Ní ọdún 2025, ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti agbègbè Turkana ní Kẹ́ńyà àti láti Kòlóńbíà. Owó náà kì í lọ sí àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí nìkan, nítorí pé ó ń dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ibùgbé ọmọ aláìlóbìí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè. Ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú owó ni mo kà sí pàtàkì. Ọmọ Jámánì tí ó ti gbọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òun kan ní Turkana ń rìn ọ̀nà jíjìn wá omi nítorí ọ̀dá mọ ìdí tí òun fi dúró nínú òtútù. Síbẹ̀, mo ní ẹ̀sùn kékeré kan. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà kan ṣoṣo tí ọmọ náà ń gbọ́ nípa Áfíríkà nínú ọdún ni ìgbà tí a fẹ́ fi ṣàánú rẹ̀, àánú náà a máa di àṣà ọkàn tí ó ṣòro láti mú kúrò. Mo ti sọ èyí ní ìpàdé páríìṣì, wọ́n sì fara balẹ̀ gbọ́. Ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n pe obìnrin ará Kẹ́ńyà kan tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ìlú wa láti wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bi í jùlọ ni pé irú bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń gbá nílé rẹ̀.

Àṣà tuntun yìí ti ràn ká. Ní Slovakia, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1995, àwọn ará Czech náà ní tiwọn tí Káríítáàsì, àjọ aláàánú Ìjọ Àgùdà, ń darí, Switzerland, Slovenia àti gúúsù Tyrol ní Ítálì kò sì gbẹ̀yìn. Ní Ọ́stríà, níbi tí ọ̀rọ̀ alùpùpù ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ Jungschar, kò sì sí abúlé orí òkè tí ó jìnnà jù fún wọn. Ní àwọn abúlé òkè bíi Heiligenblut, àwọn àgbà ọkùnrin ṣì ń bá orin ìràwọ̀ àtijọ́ lọ, tí wọn a fi gbogbo òru rìn láti ilé kan sí èkejì.

Fún ẹni tí ó bá ń gbé ní Jámánì tàbí Ọ́stríà tí ó sì fẹ́ kí wọ́n wá sí ilé òun, ohun tí ó yẹ kó ṣe kò le. Kí ó wo pátákó ìkéde tàbí ojú ewé páríìṣì àdúgbò rẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, kí ó sì fi orúkọ àti àdírẹ́sì sílẹ̀. Kò di dandan kí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye owó tí wọ́n ní kí ènìyàn mú wá; bí kò bá sì sí owó lọ́wọ́, wọn yóò ṣì kọrin, wọn yóò sì kọ ìbùkún sí òkè ilẹ̀kùn. Kí ó wo ìwé ẹ̀rí wọn bí ó bá ń ṣiyèméjì, kò sí ẹni tí yóò bínú. Súìtì tí a bá fún wọn jẹ́ ti àwọn ọmọ, owó inú kóló kì í ṣe tiwọn, nítorí náà kí a má ṣe da méjèèjì pọ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí ó fẹ́ dé adé lè mú un lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́, tí ó sábà máa ń wáyé kí Kérésì tó dé, àwọn ọmọ ìjọ mìíràn àti àwọn ọmọ Mùsùlùmí kan náà sì wà lára àwọn tí ń lọ. Ohun tí àwọn páríìṣì ṣaláìní jù ni àgbàlagbà tí yóò gbà láti bá àwọn ọmọ náà rìn fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú òtútù, tí yóò ru àpò súìtì, tí yóò sì gbé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó àtẹ́rígbà sókè.